Orúkọ ọmọ tuntun lókè Ọya: ẹ rò ó dáadáa kó tó dórí ìwé

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Kánò, Jọ́ọ̀sì, Kàdúná àti ibi gbogbo tá a tẹ̀dó sí, ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ ni mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò lónìí, torí ó ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹbí nìkan. Ìjọba ti wà níbẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, tọ́mọ bá pé ọjọ́ mẹ́jọ, bàbá á sọ tiẹ̀, ìyá á sọ tiẹ̀, àwọn àgbà á fi tiwọn ránṣẹ́ látilé. Ọmọ kan lè ní orúkọ mẹ́fà, èyí tó bá wu kálukú ló máa pè é. Kò sí ìjà níbẹ̀. Àmọ́ ní báyìí, èyí tó wọ inú ìwé nìkan nìjọba mọ̀. Láti ọdún 2021 ni JAMB ti sọ ọ́ di dandan pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò wọn gbọ́dọ̀ ní NIN. Orúkọ tó bá wà lórí NIN náà ló máa bá ọmọ dé yunifásítì àti báńkì.

Àkọtọ́ ni wàhálà àkọ́kọ́. Èdè Haúsá ò ní "gb", torí náà tíṣà lè gbọ́ Gbénga kó kọ Benga. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kì í sábà ní àmì abẹ́ lẹ́tà, ni Adéṣínà bá di Adesina lórí ìwé kan, ó di Adeshina lórí òmíràn. Lójú wa, ọmọ kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, èèyàn méjì ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún un ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹ ó lọ búra ní kóòtù, ẹ ó tún náwó sí i.

Ìkejì ni pé àwọn kan ò kọ orúkọ ilé rárá, kọ́mọ má baà dá yàtọ̀. Wọ́n á kọ Musa Ibrahim, ó parí. Mi ò bá orúkọ Músá jà o, àwọn baba wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ti ń jẹ́ ẹ tipẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé orúkọ yẹn nìkan kì í sọ èèyàn di onílẹ̀. Tí wọ́n bá ń pín ipò fún ọmọ onílẹ̀ níbí, ibi tí bàbá ẹ ti wá ni wọ́n máa béèrè. Òfin ọdún 1999 pàápàá, òbí tàbí òbí àgbà ló ń wò láti mọ ìpínlẹ̀ téèyàn ti wá. Tọ́mọ náà bá wá délé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀ffà, láti gba ìwé-ẹ̀rí ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n á ní, "Ọmọ agboolé wo ni ẹ́?" Orúkọ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò ní lè ràn án lọ́wọ́. Níbí, àlejò ni. Nílé, wọn ò dá a mọ̀.

Kí la wá lè ṣe? Kí aboyún tó bímọ ni kẹ́ ẹ ti pe àwọn ará ilé, kẹ́ ẹ fẹnu kò sórí orúkọ tó máa wọ ìwé. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ìdílé wà nínú ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì, kẹ́ ẹ fún akọ̀wé ní ìwé náà. Ẹ má fẹnu pè é fún un lásán. Ẹ tètè forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn, NPC, kẹ́ ẹ ka gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú tábìlì. Bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ nílé ìwé.

Àwọn ẹgbẹ́ wa náà lè ṣèrànwọ́. Tá a bá ti lọ jẹ ìkómọ, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ orúkọ ọmọ, ìlú bàbá àti agboolé ẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́. Tọ́rọ̀ ìwé-ẹ̀rí bá délẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ó kéré tán, a ó rí ibi tá a máa wò.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa tá a wà lájò, ẹ jẹ́ ká wo ilé, ká tún wo ìwé.