Àwòrán tẹ́ ẹ fi pamọ́ ń jẹ dátà wa o

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ website fún àwọn ọlọ́jà n'Ìbàdàn, ẹ sún mọ́bí. Ẹjọ́ wà ńlẹ̀. Mi ò ní bú ẹnikẹ́ni, torí èmi náà ti dá ẹ̀ṣẹ̀ yìí rí. Ṣùgbọ́n ó tó gẹ́ẹ́.

2/ Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹ ṣí page ẹni tó ń ta aṣọ. Àwòrán kan ṣoṣo lẹ rí. Ẹ ò mọ̀ pé mẹ́wàá mìíì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́, tí fóònù yín sì ti ń fà wọ́n wọlé láìjẹ́ pé ẹ tẹ nǹkan kan.

3/ Ẹni tó kọ ọ́ á ní, "Mo kúkú ti fi display:none sí i." Ẹ̀gbọ́n, ojú nìkan nìyẹn ń fi í pamọ́ fún, kò fi í pamọ́ fún dátà. Gbogbo img tí browser bá ti rí nínú code, ó máa lọ gbé e wá, ì báà hàn, ì báà má hàn. Àfi tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé kó dúró.

4/ Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500KB. Mẹ́wàá ti di 5MB. Tí èèyàn 200 bá ṣí page yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 1GB ti lọ nìyẹn, lórí àwòrán tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní fojú kàn. Owó ta ni? Kì í ṣe owó ẹni tó kọ website o.

5/ Ẹ sì rántí pé oṣù kìíní ọdún 2025 ni àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fowó lé owó ìpè àti dátà, tó lè tó 50%. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ l'Agbówó, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá bá a ná an?

6/ Ẹ wò ó báyìí. Ẹ wọ Micra l'Òjóò, Agbówó lẹ̀ ń lọ. Dẹ́rẹ́bà wá gba owó Dùgbẹ̀ lọ́wọ́ yín, ó ní "bóyá ẹ máa padà fẹ́ débẹ̀." Ṣé ẹ ò ní bá a jà? Ohun tí website yín ń ṣe fún wa gan-an nìyẹn.

7/ "Ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí page yá." Mo gbọ́. Láyé kọ̀ǹpútà onímọ́ọ̀sì, tí mọ́ọ̀sì bá kan bọ́tìnnì, àwòrán kejì á yọ. Àwòrán kékeré ni, KB díẹ̀. Fóònù tiwa ò ní mọ́ọ̀sì. Mẹ́wàá tó sá pamọ́ yẹn sì tún ń bá ẹyọ kan tí mo wá wò du nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ibo ló ti wá yá?

8/ Èmi náà ṣe page fún ìyá kan tó ń ta àdìrẹ. Mo fi yangàn dáadáa. Ọjọ́ kan ni wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ló dé tí dátà mi ń tán tí mo bá fi ọjà han oníbàárà?" Mo délé, mo ṣí Network lórí browser mi. Àwòrán mẹ́rìnlá ló ń wọlé. Ẹyọ kan ló hàn. Ojú tì mí.

9/ Àtúnṣe ẹ̀ ò le. Ẹ kọ loading="lazy" sára img; láti 2019 ni Chrome ti mọ̀ ọ́n. Àwòrán tó kù, ẹ jẹ́ kó dúró dìgbà téèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ fún wọn pọ̀ sí WebP. Tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ tètè gbé nǹkan wọlé, ẹyọ kan tí ojú máa kọ́kọ́ rí ni kẹ́ ẹ gbé.

10/ Mi ò ní ká má tètè gbé àwòrán wọlé rárá o. Ká má náwó olówó láì bi í ni mò ń wí. Lálẹ́ òní, ẹ pa WiFi ọ́fíìsì, ẹ fi dátà tẹ́ ẹ fowó yín rà ṣí website tẹ́ ẹ kọ. Tó bá dùn yín, ó ń dun àwa náà. Ẹ bá mi pín in kó dé ọ̀dọ̀ developer yín.