Kọ́ìlì tó ń gbóná kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ṣì ń fi ọkọ̀ àtijọ́ kó iṣu àti gbágùúdá gba ọ̀nà Ìjàn-Èkìtì wá sí Adó. Láti ọdún 2023 tí owó epo ti fò sókè, tí náírà sì já wálẹ̀, ọkọ̀ tòkunbọ̀ pàápàá ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Píjò 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná àti Ìjàpá tí wọ́n tò l'Ékòó ni àwọn mìíràn ṣì dì mú.

Àìsàn kan wà tó máa ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá mú, yóò wúkọ́, yóò sì kú. Bó bá tutù tán, yóò tún jí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Epo ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń bú. Ó lè jẹ́ epo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n yẹ kọ́ìlì wò pẹ̀lú.

Kọ́ìlì ló ń gba iná fólítì 12 láti ara bátìrì, tó ń sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì kí pulọ́ọ̀gì tó lè ṣáná. Bí awakọ̀ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, bóyá nítorí rédíò, tí kọ́ńtáàtì sì pa dé, iná yóò máa wọ inú kọ́ìlì láìdáwọ́dúró. Ibẹ̀ ni yóò ti máa jóná díẹ̀díẹ̀. Pulọ́ọ̀gì tí ẹnu rẹ̀ ti yà jù ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni áltánétọ̀ tó ń rán iná tó ju fólítì 15 lọ.

Àwọn ríwáyà náà ní ẹ̀bi tiwọn. Kọ́ìlì kan wà tí kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí rèsísítọ̀ tó ń dín iná rẹ̀ kù. Òmíràn kò nílò rẹ̀. Ẹni tó bá yọ rèsísítọ̀ dànù, tàbí tó fi èyíkéyìí tó rí lọ́jà rọ́pò, kò tún ọkọ̀ ṣe. Dída omi sí kọ́ìlì tó gbóná kì í sì í ṣe oògùn: ó lè sán, iná sì lè ṣe ènìyàn léṣe. Kí wọ́n pa kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti délé, kí wọ́n wá ohun tó fà á.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti owó lọ. Ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ kan dúró ní agbègbè Emùré-Èkìtì, wọ́n sì kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn wọgbó lọ. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ọkọ̀ kú mọ́ òun lọ́wọ́ lẹ́bàá igbó nírọ̀lẹ́. Kò sí bí ọlọ́pàá ṣe lè wà ní gbogbo kọ̀rọ̀ ọ̀nà oko. Ṣùgbọ́n olówó ọkọ̀ lè ṣe ìwọ̀nba tirẹ̀: kó yẹ kọ́ìlì, pulọ́ọ̀gì àti wáyà wò kó tó kúrò nílé, kó sì tètè padà kí ilẹ̀ tó ṣú.