Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Àwọn àgbà ní, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó mọ òǹkà lásán á ní èje ló tẹ̀ lé ẹ̀fà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹni tó ti ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ rí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀gá, èló ni Corolla yìí?"

"Mílíọ̀nù mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ gba mẹ́rin."

"Kò gbà. Iye tí mo rà á gan-an jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó dáa, èló ni jálẹ̀?"

Iye méjì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ. Olùtà mọ ibi tí òun ò ní já kọjá. Olùrà mọ ibi tí agbára òun mọ. Ká ní olùtà lè gba mílíọ̀nù 4.5, tí olùrà sì lè san 5, ó yẹ kí ọjà wọ̀. Ṣùgbọ́n olùtà takú sórí 5.5, olùrà yí ẹ̀yìn padà, ó ń retí kí wọ́n pe òun. Wọn ò pè é. Àwọn méjèèjì ló pàdánù. Ní 1983, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Roger Myerson àti Mark Satterthwaite fi ìṣirò hàn pé bí kálukú bá fi iye tirẹ̀ pamọ́ sínú, tí kò sì dájú tẹ́lẹ̀ pé ti olùrà ju ti olùtà lọ, kò sí ọgbọ́n ìnájà tó lè mú kí gbogbo ọjà tó yẹ kó wọ̀ wọ̀, àfi tí ẹlòmíràn bá fowó kún un.

Àṣírí ara ọkọ̀ tún wà níbẹ̀. Ní 1970, onímọ̀ ọrọ̀ ajé George Akerlof ṣàlàyé pé olùrà tí kò lè dá ọkọ̀ gidi mọ̀ yàtọ̀ sí jákujàku, iye agbedeméjì ni yóò dá lé e. Ẹni tó ní ọkọ̀ gidi á rí i pé iye yẹn kéré, á gbé tiẹ̀ kúrò lọ́jà. Jákujàku ni yóò kù. Akerlof wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001 lórí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Kí àṣírí ọkọ̀ lè tú, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í wo ọ̀dà tó ń dán. Bẹ́líìtì ìjókòó ló máa fà jáde títí dé ìdí. Bí ẹrẹ̀ gbígbẹ bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí omíyalé ti bo ọkọ̀ náà rí.

Ẹ̀yin olùtà, bí ọjà yín bá dára, ẹ jẹ́ kí olùrà mú mẹkáníìkì tirẹ̀ wá. Ẹni tó ń ta jákujàku ò ní gbà. Ẹ̀yin olùrà, ẹ fa bẹ́líìtì kẹ́ ẹ tó béèrè jálẹ̀.