Ojú Nìkan Kò Tó: Ẹ Fi Aṣàyẹ̀wò Sí Ẹnu Ọ̀nà

Àṣà kan wà láàárín àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà tí ó yẹ kí a bá wí gidigidi. Àṣà náà ni pé kí ènìyàn kọ fáìlì tí ẹ̀rọ yóò fi ṣiṣẹ́, kí ó fi ojú wò ó lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì wí pé, “Ó dára, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.” Èmi wí pé kò dára. Fáìlì tí a to orúkọ, iye owó àti nọ́ńbà sí, tàbí èyí tí ń pa àṣẹ fún ẹ̀rọ nípa bí yóò ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ jáde lọ́wọ́ wa láìjẹ́ pé aṣàyẹ̀wò tí kì í sùn, tí kì í sì í rẹ̀, ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Aṣàyẹ̀wò tí mo ń wí kì í ṣe ènìyàn. Ètò kọ̀ǹpútà ni. Ní 1978 ni Stephen Johnson, ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, ṣe ọ̀kan tí ó sọ ní lint, èyí tí í ṣe orúkọ òwú wẹ́wẹ́ tí í máa lẹ̀ mọ́ aṣọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣa àṣìṣe wẹ́wẹ́ tí ojú fò kúrò lára ohun tí a kọ ní èdè C. Lónìí, irú rẹ̀ wà fún fáìlì YAML, fún JSON, àti fún ọ̀pọ̀ fáìlì mìíràn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó bá mi lọ sí Abidjan, níbi tí àwọn ará Èjìgbò àti Ìnísà ti ń ṣòwò láti ìran dé ìran, ní Treichville àti ní Adjamé, tí àwọn onílẹ̀ sì ń pè wọ́n ní Ànàgó. Láti 2008 ni a ti ń fi fóònù fi owó ránṣẹ́ ní ìlú náà. Nọ́ńbà fóònù oníṣòwò ti di àpò owó rẹ̀. Ẹyọ mẹ́jọ ni nọ́ńbà ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní, 2021, ó di ẹyọ mẹ́wàá: a fi 01 síwájú nọ́ńbà Moov, 05 síwájú ti MTN, àti 07 síwájú ti Orange. Òdo ìbẹ̀rẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní Nàìjíríà, bí a bá fi +234 síwájú nọ́ńbà, òdo a kúrò. Ní Côte d'Ivoire, bí a bá fi +225 síwájú, òdo a dúró.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Ẹ jẹ́ kí a fi 0700000000 ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá kọ ọ́ sínú fáìlì YAML láìfi àmì àyọlò ká a mọ́, ètò tí ń tẹ̀ lé òfin YAML ti 2005 yóò rí òdo iwájú, yóò sì rò pé mẹ́jọ-mẹ́jọ ni a ń kà, kì í ṣe mẹ́wàá-mẹ́wàá. Yóò sọ nọ́ńbà náà di 117440512. Kò ní pariwo, kò sì ní kọ iṣẹ́. Bí 8 tàbí 9 bá wà nínú nọ́ńbà ẹlòmíràn, irú èyí kò ní ṣẹlẹ̀ sí i. Nítorí náà oníbàárà kan yóò rí owó rẹ̀ gbà, èkejì kò ní rí i, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. A tún òfin náà ṣe ní 2009, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ètò ni ó ṣì ń tẹ̀ lé ti àtijọ́.

Ó yẹ kí èyí yé àwa olùkọ́ ju gbogbo ènìyàn lọ. Àwa ni a ń kọ́ ọmọ pé ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kì í ṣe ohun kan náà, àti pé àmì kékeré ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àmì àyọlò rí fún ẹ̀rọ. Ẹ tún wo lẹ́tà ẹ́. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà: kí a mú ẹ, kí a fi àmì ohùn òkè lé e lórí, tàbí kí a mú é, kí a fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ tí a kò kọ́, méjì ni wọ́n. Ọmọ tí a kọ orúkọ rẹ̀ lọ́nà kìíní nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, tí a sì kọ ọ́ lọ́nà kejì nínú ìwé èsì ìdánwò, lè di ọmọ tí kò ní èsì. Ojú tí ó mú jù lọ kò lè rí ìyàtọ̀ yìí. Aṣàyẹ̀wò a rí i kí a tó ṣẹ́jú.

Àwọn kan a máa wí pé, “Àwa a máa ṣọ́ra.” Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí í fún akẹ́kọ̀ọ́ ní báírò pupa kí ó máàkì iṣẹ́ ara rẹ̀? Ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ a máa ka ohun tí ó ní lọ́kàn, kì í ka ohun tí ó wà lórí ìwé. Àwọn mìíràn a ní ó ń dá iṣẹ́ dúró. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni aṣàyẹ̀wò ń gbà. Ẹni tí ó bá ti fi odidi ọjọ́ méjì wá àlàfo kan ṣoṣo tí a ṣì kọ yóò mọ èyí tí ń dá iṣẹ́ dúró.

Àwọn ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ wọn lágbára. Wọ́n ní aṣàyẹ̀wò pàápàá a máa ṣìnà. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje, 2024, ilé iṣẹ́ CrowdStrike fi fáìlì kan ránṣẹ́ káàkiri ayé. Ohun 21 ni fáìlì náà fẹ́ lò, 20 péré ni ètò tí ó wà nínú ẹ̀rọ ń pèsè. Aṣàyẹ̀wò wọn ní àbùkù, ó sì jẹ́ kí ó kọjá. Microsoft ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà ni ó dákú. Ṣùgbọ́n bí olóde bá sùn lóru ọjọ́ kan, ṣé ẹnu ọ̀nà ni a ó yọ kúrò? Ohun tí ó yẹ ni pé kí a máa dán olóde wò: kí a mọ̀ọ́mọ̀ gbé fáìlì tí kò dára fún un, kí a rí i bí yóò bá kọ̀ ọ́.

Ètò náà kò le. Ẹ kọ òfin sílẹ̀ nínú fáìlì kan tí yóò wà pẹ̀lú iṣẹ́: nọ́ńbà fóònù Abidjan gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ mẹ́wàá, kí ó wà nínú àmì àyọlò, kí òdo rẹ̀ má ṣe sọnù, ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí a máa gbà kọ lẹ́tà olámì. Ẹ jẹ́ kí aṣàyẹ̀wò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹni tí ó kọ fáìlì, kí ó sì tún ṣiṣẹ́ níbi tí iṣẹ́ gbogbo ènìyàn ti ń pàdé. Èyí tí kò bá yege, kí ó má wọlé, ìbáà ṣe ti ọ̀gá àgbà.

Mo kìlọ̀ ohun kan. Aṣàyẹ̀wò mọ̀ bóyá nọ́ńbà pé mẹ́wàá. Kò mọ̀ bóyá ti Àdùnní ni. Ìyẹn kù sí wa lọ́wọ́. Òfin tí ó sì ń tẹ̀ lé, ènìyàn ni ó kọ ọ́. Òfin tí a kọ fún Èkó yóò gé òdo Abidjan sọnù. Òfin tí ẹni tí kò mọ èdè wa kọ yóò pe Ṣọlá ní àṣìṣe. Bí àwa olùkọ́ kò bá jókòó níbi tí a ti ń kọ irú òfin bẹ́ẹ̀, olóde tí a fi sí ẹnu ọ̀nà yóò lé àwọn ọmọ onílé síta.