Garawa Omi Kan fún Odindi Ọkọ̀

Bí ọyẹ́ bá ti wọ ìlú Ìbàdàn, ohun méjì ni ó máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń gbé eruku wá, ó sì ń gbé omi lọ. Eruku yóò bo ewé, yóò bo ojú fèrèsé, yóò bo aṣọ tí a sá, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ ni ó ti máa ń hàn jù, pàápàá ọkọ̀ dúdú. Ní àsìkò yẹn gan-an ni kànga yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, tí ẹ̀rọ kànga dẹ̀rọ yóò máa pariwo lásán, tí àwọn tí ń fi ọkọ̀ ńlá ta omi yóò sì di ọba kékeré ní àdúgbò. Bódìjà kò sàn ju Agbowó lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Mo mọ̀ pé ojú-ewé yìí kì í sábà yà sí ọ̀dọ̀ ọkọ̀, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ọ̀rọ̀ ìdáná, ọmọ títọ́ àti ìtọ́jú ilé ni a máa ń bá ara wa sọ. Ṣùgbọ́n ohun ìní ilé ni ọkọ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé òun ni ó wọ́n jù lẹ́yìn ilé fúnra rẹ̀, omi tí a ó sì fi fọ̀ ọ́, inú àgbá kan náà pẹ̀lú omi ọbẹ̀ ni a ti ń bù ú. Ọdún 1942 ni wọ́n dí odò Ọnà ní Ẹlẹ́yẹlé kí omi ẹ̀rọ lè dé inú ìlú. Aséjìré, lórí odò Ọ̀ṣun, tẹ̀ lé e ní ọdún 1972. Láti ìgbà náà, ìlú ti fẹ̀ kọjá ohun tí adágún méjèèjì lè gbé. Oníkálukú ti di ilé iṣẹ́ omi ara rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ra omi kì í fẹ́ rí i kí ó máa ṣàn lọ sínú gọ́tà.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kàn mí nìyí. Bàbá mi, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, pinnu láti ta Toyota rẹ̀ dúdú kí owó ilé ẹ̀kọ́ àbúrò mi lè pé. Ẹni tí ó bá ti ta ọkọ̀ rí ní Ìbàdàn mọ ìbéèrè àkọ́kọ́ tí oníbàárà máa ń bi ènìyàn: “Ṣé first body ni?” Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, ṣé ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fi kùn ún ni ó ṣì wà lára rẹ̀, àbí wọ́n ti tún un kùn lẹ́yìn ìjàǹbá. First body ni ti bàbá mi, owó tó ṣe gúnmọ́ sì wà nínú gbólóhùn kékeré yẹn. Ọjọ́ Àìkú ni oníbàárà ń bọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, ènìyàn lè fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sí orí bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú eruku.

Bàbá kò fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìfọkọ̀ ẹ̀bá títì, èmi náà kò sì dá a lẹ́bi. Kànìnkànìn tí wọ́n fi fọ ọkọ̀ akẹ́rù tó kó iyẹ̀pẹ̀ ní àárọ̀ ni wọn yóò tún kì bọ inú omi ọṣẹ fún tirẹ ní ọ̀sán. Nígbà tí mo sọ pé mo fẹ́ fọ̀ ọ́ nínú ọgbà, màmá mi ni ó kọ́kọ́ dá mi lóhùn.

“Omi tí mo rà lánàá, tí mo ń fi ife wọ̀n, ni o fẹ́ dà sára mọ́tò?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Garawa kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ.”

“Kan ṣoṣo o! Mo ń wò ẹ́.”

Bàbá ní tirẹ̀ sọ láti orí àga rẹ̀ pé iyekíye tí mo bá họ kúrò lára ọkọ̀, inú owó àbúrò mi ni mo ti họ ọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àìlómi ni ó ń ba ojú ọ̀dà jẹ́. Yanrìn ni. Lórí ọ̀dà ọkọ̀ òde òní ni ìpele kan wà tí ó mọ́ gaara, òun ni ó ń dán tí oòrùn fi ń kọ mànà lára ọkọ̀. Ìpele náà kò nípọn tó fọ́nrán irun orí kan. Yanrìn ní tirẹ̀ le ju gíláàsì lọ. Bí a bá fi aṣọ tẹ ẹyọ yanrìn kan mọ́ ara ọkọ̀ tí a sì fà á, kálàmù ni a fi lé e lọ́wọ́. Ẹ wo ọkọ̀ dúdú èyíkéyìí nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ ó rí àwọn ìlà tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn tí wọ́n yí ojú oòrùn ká. Ọwọ́ tí ó ń fọ̀ ọ́ ló kọ wọ́n. Àṣà tí ó burú jù lọ ni ti àwọn awakọ̀ wa ní Dùgbẹ̀ àti Challenge, tí wọ́n máa ń fi àkísà gbígbẹ gbọn eruku dànù ní àràárọ̀. Ìmọ́tótó ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ó sàn kí eruku náà wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí omi púpọ̀ ń ṣe ni pé ó ń gbé yanrìn lọ kí ọwọ́ tó kàn án. Ẹni tí kò ní omi púpọ̀ gbọ́dọ̀ wá ohun mìíràn tí yóò bá a gbé e. Oògùn ìfọkọ̀ kan wà tí a kì í fi omi ṣàn kúrò. Optimum No Rinse ni ó lókìkí jù nínú irú rẹ̀, àwọn mìíràn sì wà. Kì í hó bí ọṣẹ. Ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́, èròjà inú rẹ̀ a sì máa yí ẹyọ eruku ká, débi pé bí aṣọ bá kọjá, eruku á wọ inú òwú aṣọ dípò kí ó máa wọ́ lórí ọ̀dà. Mìlílítà 30 péré ni à ń pò mọ́ omi lítà 7.5. Ẹ má rò pé ọṣẹ ìfọṣọ lè rọ́pò rẹ̀ o. Ọṣẹ ìfọṣọ a máa bó ìda tí a fi dán ọkọ̀ kúrò, bí a kò bá sì ṣàn án, á gbẹ mọ́ ọn lára.

Eruku ọyẹ́ fúnra rẹ̀ kò ṣòro. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti ń gbéra, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti kòtò Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ìrìn náà sì jìn débi pé èyí tí ó kúnná ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wa. Erùpẹ̀ pupa àdúgbò wa tí táyà ń tú sókè ni kí á bẹ̀rù.

Mo bẹ̀rẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀ Sátidé, nínú òjìji, nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa mu omi ju ẹṣin lọ. Bí oòrùn bá ti yọ, omi á gbẹ kí aṣọ tó dé ibẹ̀. Tówẹ́ẹ̀lì microfibre mẹ́fà ni mo rì sínú garawa, méjì gbígbẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bu díẹ̀ nínú omi náà sínú ike ìfọ́nmi. Kí n tó kan ibòmíràn, mo fi iná fóònù ya àwòrán ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ibi tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, mo nù ún, mo sì tún ya á. Àwọn ìlà àtijọ́ wà níbẹ̀, ìkankan kò kún un. Ìgbà náà ni mo tó gun orí òrùlé.

Ibì kan lẹ́ẹ̀kan ni a ń ṣe é. A ó fọ́n omi sí i títí yóò fi rin gbingbin, a ó sì dúró fún ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdúró yìí ni ó ṣòro fún ọwọ́ ọmọ Ìbàdàn tí ó ti mọ fífọ̀-gbìràgbìrà lára, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Lẹ́yìn náà, a ó ṣẹ́ tówẹ́ẹ̀lì tútù po sí mẹ́rin kí ó lè ní ojú mẹ́jọ, a ó sì fà á lọ síwájú, ní ìlà tààrà, láìyí i po, láìtẹ̀ ẹ́. Ìwúwo aṣọ náà tó. Ojú tí ó bá ti dọ̀tí kò tún gbọdọ̀ padà sára ọkọ̀; bí ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá tán, ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ mú òmíràn. Kò gbọdọ̀ padà sínú garawa pẹ̀lú. Kíá ni a ó fi èyí tí ó gbẹ nù ún. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. N kò rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bá iṣẹ́ mu tó báyìí rí. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ táyà àti bọ́ńpà ni mo fi ṣe àṣekẹ́yìn, aṣọ tiwọn sì yàtọ̀.

Ó gbà mí ní wákàtí kan àti ààbọ̀. Màmá wá yẹ garawa wò, omi ṣì kù nínú rẹ̀ dé ìdajì.

Ní ọjọ́ Àìkú, oníbàárà náà fi àtẹ́lẹwọ́ ra bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tan iná fóònù rẹ̀ sí i, ó wolẹ̀, ó wòkè. Àwọn ìlà àtijọ́ kò sá fún un, Bàbá kò sì fi wọ́n pamọ́. “First body ni, sà,” ni ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Wọ́n dúnàá-dúrà títí ìyálẹ̀ta. Owó àbúrò mi pé.

Ṣùgbọ́n n kò ní í tan ẹnikẹ́ni jẹ. Bí òjò bá dé tí ọkọ̀ bá wọ ẹrẹ̀ ní àwọn òpópónà ẹ̀yìn Ring Road, ẹ gbé oògùn yìí sínú àpótí. Ẹrẹ̀ tí ó ti gbẹ di páálí mọ́ ara ọkọ̀, omi púpọ̀ nìkan ni ó lè rọ̀ ọ́, àkókò náà sì ni omi òjò ń dà láti orí páànù lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni ìgbà tirẹ̀. Ní ọdún 2018, nígbà tí ọ̀dá omi mú Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, ìjọba ìlú náà fòfin de fífi omi ẹ̀rọ mímu fọ ọkọ̀, irú àwọn oògùn báyìí ni ọ̀pọ̀ sì gbára lé. Kò sí ẹni tí ó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún wa; owó omi ni ó ń bá wa ṣe é.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń fọ ọkọ̀ ní òpópónà wa dúró wò mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó béèrè iye tí mo ra oògùn náà ní Challenge, ó ṣírò, ó ní èrè wà níbẹ̀ lóòótọ́, nítorí òun náà ń ra omi. “Ṣùgbọ́n Àǹtí,” ni ó wí, “bí oníbàárà kò bá rí ọṣẹ kó hó yaya, yóò ní n kò fọ mọ́tò òun ni.” Ó ra tówẹ́ẹ̀lì mẹ́fà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọṣẹ tí ń hó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.