Ẹ Wo Èèyàn Dáadáa Kí Ẹ Tó Yà Á

Kàtúùnù ni iṣẹ́ mi ní Nombakélé, ní Libreville. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ náà máa ń bá mi jiyàn: wọ́n ní ẹni tó mọṣẹ́ kì í wo fídíò kó tó yàwòrán, pé orí ara rẹ̀ ló yẹ kó ti mú un jáde. Mi ò gbà. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ẹ wo ìyá tó ru agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ láti ọjà Mont-Bouët. Ẹni tó bá ń yà á láìwò ó á jẹ́ kí orí rẹ̀ máa mì bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Ọrùn rẹ̀ nà gan-an, ojú ń wo iwájú, ẹrù ò mì. Orúnkún àti ìbàdí ló ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá pè é láti ẹ̀yìn, gbogbo ara ló máa fi yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1878, Eadweard Muybridge fi kámẹ́rà ya ẹṣin tó ń sáré ní Palo Alto, ní Amẹ́ríkà. Ó wá hàn pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá ká jọ sábẹ́ ikùn ni, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá nà síwá sẹ́yìn bí àwọn àgbà ayàwòrán ṣe ń yà á. Nígbà tí Disney ń ṣe fíìmù kàtúùnù Snow White, tó jáde ní 1937, oníjó kan tí a wá mọ̀ sí Marge Champion ló ń rìn, tó ń jó níwájú kámẹ́rà kí àwọn ayàwòrán lè rí i.

Síbẹ̀, ẹ má kàn máa tọ ìlà inú fídíò. Oníkàtúùnù kan, Max Fleischer, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1917, ó sì wúlò. Àmọ́ ìlà nìkan kì í sọ ibi tí ìwúwo ara wà, àwòrán á kàn máa léfòó ni. Ohun tí mò ń wá ni ìgbà tí ẹsẹ̀ balẹ̀, ẹsẹ̀ tó gbé ara dúró, ìgbà tí ara rẹlẹ̀ jù àti ìgbà tó ga jù. Àwòrán 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan fíìmù. Mo máa ń ka iye tó wà láàárín ẹsẹ̀ kan àti èkejì. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń pa fóònù, tí màá sì yà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbé fóònù, kí ẹ ya bí àwọn ìyá yín ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, bí àwọn àbúrò yín ọkùnrin ṣe ń fi ìkánjú dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n lè sáré lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè. Àlejò ìlú tí kò tíì rí ìwé ìgbélùú gbà máa ń bẹ̀rù kámẹ́rà, kò sì jẹ̀bi. Bí ẹ bá parí, ẹ fi han ẹni tí ẹ yà. Bí ẹni náà bá ní òun kì í ṣe báyẹn, ẹ tún un yà.