Ẹ Má Dúró De Iná Epo

"Iná epo ti tàn o!" "Fi í lẹ̀, ó ṣì máa gbé wa débẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tó ń wa ọkọ̀ láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà kan tí kò tó 200 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. A mọ̀ pé àìsówó ló ń fà á. Síbẹ̀, èrò tiwa ni pé kí epo má lọ sílẹ̀ ju ìdámẹ́rin tánkì lọ.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, inú tánkì ni pọ́ǹpù epo wà, epo tó yí i ká ló sì ń mú un tutù. Bí epo bá ń gbẹ lórí rẹ̀ léraléra, á máa gbóná, ó sì lè tètè bàjẹ́. Ká má tíì sọ ti sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Kí ọkọ̀ kú síbẹ̀ lóru kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Àwọn kan á ní níbo làwọn ti fẹ́ rí owó. Ẹ gbọ́ ná: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa ra ìdámẹ́rin yẹn. Lẹ́yìn náà, iye tí ọkọ̀ bá jó lẹ óò máa dá padà. Ẹni tó ń ra lítà márùn-ún márùn-ún ṣì lè máa ra márùn-ún náà. Owó ò yí padà, ìbàlẹ̀ ọkàn ló lé sí i.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?